Òdòdó Oyètádé àti Ààtàn Ìyá Dúródọlá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká yìí, ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé òdòdó ló ń pe labalábá, ààtàn ló ń gbà á lálejò? Kò sí? Ẹ mà ń pa á lójoojúmọ́. Àná yìí ni mo gbọ́ tí ẹnìkan nínú yín pa á fún ọkọ rẹ̀, ọkọ sì ń mi orí bí ẹni pé ó yé e. Kò yé e. Ẹ sún mọ́ mi kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín, pé láti òní lọ, bí ẹ bá ń fi bú ara yín, kí ẹ máa fi ìmọ̀ bú ara yín.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Òrúrù. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ìlú náà, àkùrọ̀ kan sì wà létí odò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn le tó kí ilẹ̀ ìyókù sán, ilẹ̀ àkùrọ̀ yìí kì í gbẹ. Ẹni tó bá dáko síbẹ̀ á máa já ẹ̀fọ́ tútù àti ilá tútù jẹ nígbà tí gbogbo ìlú bá ń gún orúnlá. Àkùrọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kankan, gbogbo ìlú ló ni ín, ẹ sì mọ bí nǹkan tí gbogbo ìlú bá ni ṣe máa ń rí. Wọ́n jà sí i títí àwọn ọmọ ìyá méjì kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Baálẹ̀ kan tilẹ̀ wà láyé àtijọ́ tí wọ́n fi ọkọ́ lé wọ yàrá. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní kí àwọn wá onídàájọ́ tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo ilé, wọ́n wo oko, labalábá nìkan ni wọ́n rí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí labalábá bá pọ̀ lóde, Baálẹ̀ á dá ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù á gbá ojúde rẹ̀, á sì jókòó jẹ́ẹ́. Bí oòrùn bá ti gòkè dáadáa, tí ìrì ti gbẹ lápá labalábá, Baálẹ̀ àti Ọ̀tún rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ọ̀tún á máa fi hóró ẹ̀wà ka labalábá tó bá bà sí ojúde kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni àkùrọ̀ títí òjò á fi padà dé.

Ìlú yìí ni Oyètádé ń gbé. Àgbẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà kì í dilẹ̀, ẹnu yìí ló sì kó o sí ìyọnu. Nígbà tó lọ tọrọ Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní Òkè-Ìsun, níbi tí ẹ̀fọ́ tútù kì í ti í wọ́n láti oṣù dé oṣù, ó dìde láàárín àwọn àna rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ sọ̀yà.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá,” ló wí, “ọmọ yín kò ní fi ẹnu kan orúnlá nílé mi.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kankan kò rán an ní iṣẹ́ yẹn.

Ọdún kọkànlá rèé tí Àwẹ̀ró ti ń jẹ orúnlá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Obìnrin náà kì í ráhùn, ohun tó sì ń dun Oyètádé gan-an nìyẹn. Bí Àwẹ̀ró bá ń gún orúnlá nínú odó, á kàn gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì máa gún un lọ. Ojú kan yẹn ń ta Oyètádé lára. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ìyàwó rẹ̀ bú u. Lọ́dún tó kọjá, labalábá mẹ́ta péré ni Ọ̀tún bá lójúde rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú. Oyètádé bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n ka òkú náà mọ́ òun, nítorí pé ojúde òun ló yàn láti kú sí. Ọ̀tún kò gbà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Oyètádé lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló débẹ̀. Ó rí òdòdó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn tó tàn yanran, òmíràn pupa, òmíràn funfun, òmíràn ní àwọ̀ ìyeyè, òórùn dídùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n ní tannápòsó ni. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, bí wọ́n bá pe nǹkan ní tanná, ṣé ẹ kò ní béèrè ìgbà tí èèyàn máa ń tan iná? Oyètádé kò béèrè. Ó ká èso rẹ̀ dúdú wẹ́wẹ́, ó dì í sí etí fìlà, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Ó gbìn ín yí ojúde rẹ̀ ká. Ó fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà nítorí ewúrẹ́. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bó bá jí láàárọ̀, àwọn òdòdó ló ń kọ́kọ́ kí.

“Ṣé ẹ jí dáadáa?” á wí.

“A jí dáadáa o, Bàbá Tinúọlá,” Àwẹ̀ró á dáhùn láti inú ilé.

“Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń kí.”

Nígbà tí tannápòsó bẹ̀rẹ̀ sí í tan, ìlú gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á yà wò ó bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, Oyètádé á sì dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó bí ìbejì. Bó bá ń lọ sóko ní kùtùkùtù, òdòdó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, ó tún ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lójú tirẹ̀, òdòdó tí kì í sùn ni òun gbìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ débi tó fi sọ fún Àwẹ̀ró pé kó má sá ilá kankan lọ́dún náà.

“Kí la fẹ́ fi orúnlá ṣe?” ló wí. “Àkùrọ̀ ti di tiwa.”

Àwẹ̀ró wò ó lẹ́ẹ̀kan, irú ìwò tó mọ̀ yẹn, ó sì kó ilá kúrò lórí ẹní. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: bí Oyètádé bá pàdánù lọ́dún yìí, kò sí ilá tútù, kò sì sí orúnlá. Ọbẹ̀ ata lásán ló kù, láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn dé òpin rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ka labalábá, Oyètádé kò lọ sóko, ó ní kí òun tún ojúde ṣe. Ó ń gbálẹ̀ lọ, oòrùn ń gòkè bọ̀. Nígbà tó gbójú sókè, òdòdó kan ti ká ara rẹ̀ jọ. Ó wo ìkejì, ó ti ká ara rẹ̀ jọ. Kó tó ju ọwọ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn ti padé pátápátá, ewé nìkan ló ń wò ó.

“Àwẹ̀ró, jáde wá. Wọ́n ń kú.”

Àwẹ̀ró yọjú. “Wọn ò kú. Oorun ni wọ́n ń sùn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí oòrùn bá ti mú, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún ṣí.”

“O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?”

“Bàbá Tinúọlá, ìlú wa lẹ ti mú un wá. Mo rò pé àwọn bàbá mi ti sọ fún yín ni.”

Oyètádé jókòó sílẹ̀ lórí ìdọ̀tí tó gbá jọ. Ó ronú títí di ọ̀sán. Ó ní bó bá jẹ́ oòrùn ló ń lé wọn sùn, a jẹ́ pé kí wọ́n má rí oòrùn ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó da apẹ̀rẹ̀ kan bo igi òdòdó kan, ó lọ jẹun, ó tún lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ ṣeré. Nígbà tó padà dé tó ṣí apẹ̀rẹ̀ náà, òdòdó inú rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sùn lọ. Oyètádé jó, òun nìkan. Ó wá bọ́ sí ìgboro, ó ń yá apẹ̀rẹ̀ káàkiri. Ó yá agbọ̀n ẹ̀gẹ́, ó yá agbọ̀n iṣu, nígbà tí ìyẹn kò tó, ó yá àgò adìẹ. Àwọn adìẹ tó ń sùn nínú àgò náà tẹ̀lé ilé wọn wá, wọ́n sì kọ̀, wọn kò padà.

Ohun kan ló kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni opó kan ń gbé, Ìyá Dúródọlá. Ìyá arúgbó yìí ló ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù pọn ọtí àgàdàgídí fún gbogbo ìlú, ìdọ̀tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá sì kù lẹ́yìn tó bá sẹ́ ẹ tán, orí ààtàn ẹ̀yìnkùlé ló ń dà á sí. Ó ti ń dà á síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, òórùn kíkan rẹ̀ á wọlé tọ Oyètádé wá láìkan ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣíwájú ọjọ́ kíka labalábá, ó lọ bá a.

“Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ààtàn yín ni mo bá wá.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ó ń rùn, Màmá.”

“Ààtàn ni, Oyètádé. Kí lo fẹ́ kó máa ṣe?”

“Àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́la. Àwọn labalábá ni. Bí wọ́n bá gbọ́ òórùn yìí, wọ́n á ṣẹ́rí padà.”

Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú. “O ti bi labalábá léèrè ohun tó ń jẹ rí?”

“Òdòdó ló ń jẹ, Màmá. Ọmọdé gan-an mọ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi kò gbé mi mọ́, n kò lè bá ọ kó o. Bó o bá fẹ́ kó ààtàn, kó o. Ṣùgbọ́n bó o bá rí i pé o ṣìṣe, ìwọ náà ni wàá kó o padà o.”

Oyètádé gbà. Ó sùn bí ẹni tí àkùrọ̀ ti di tirẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó da gbogbo apẹ̀rẹ̀ bo òdòdó rẹ̀, ó wá yíjú sí ààtàn. Ìgbà yìí ló rántí pé gbogbo nǹkan tí èèyàn lè fi kó ààtàn ní Ìdí-Òrúrù pátá ló wà lórí òdòdó òun. Igbá kan ṣoṣo ló rí, igbá ọ̀hún sì ti sán nídìí. Ìyá Dúródọlá ti sẹ́ àgàdàgídí ní ìjẹta, ìdọ̀tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà rọ̀ bí ògì, ó ń hó, ó ń ta imú. Oyètádé bu igbá kìíní, ó gbé e rù, ó gbọ̀nà igbó. Ó ro sí i léjìká. Ó bu ìkejì, ó ro sí i lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa bu ìkarùn-ún, kò sí ibi tó gbẹ lára rẹ̀ mọ́ àfi àtẹ́lẹsẹ̀.

Nígbà tó padà wá bu ìkẹfà, ó bá labalábá méje tàbí mẹ́jọ lórí ààtàn. Ó fi igbá lé wọn.

“Ẹ ṣìnà,” ló wí fún wọn. “Iwájú ilé lẹ ń lọ. Ẹ gba ibẹ̀ yẹn.”

Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wò ó. “Bàbá Tinúọlá, ó dà bí ẹni pé...”

“Má dá mi dúró, Àwẹ̀ró. Ojú àánú ni mo fi ń wò ọ́. Mi ò fẹ́ kó o jẹ ọbẹ̀ ata lásán.”

Ni Àwẹ̀ró bá wọlé lọ. Oyètádé ń gbé igbá kẹjọ rù lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn Baálẹ̀ níwájú ilé. Ó ta kìjí. Ó sáré yí ilé po pẹ̀lú igbá lórí, adìẹ kan tí wọ́n gba àgò rẹ̀ kọjá sí i lẹ́sẹ̀, ó gbé e ṣubú, igbá náà sì fọ́ mọ́ ọn lórí. Kò dúró nu ojú. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí apẹ̀rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń jù ú sẹ́yìn, títí ojúde fi di pupa, tó di funfun, tó di àwọ̀ ìyeyè.

Baálẹ̀ yanu. Ọ̀tún pàápàá, ẹni tí kò gba òkú labalábá lọ́jọ́sí, mi orí.

“Oyètádé,” ni Baálẹ̀ wí, “o gbìyànjú. N kò rí irú ojúde yìí rí.”

“Èmi náà kò rí i rí,” ni Ọ̀tún wí. “Ṣùgbọ́n labalábá dà?”

Wọ́n wò yíká. Kò sí ẹyọ kan. Oòrùn yọ síta láti ẹ̀yìn igi òrúrù, ó tàn sórí àwọn òdòdó, òdòdó kan níwájú Baálẹ̀ sì rọra ká ara rẹ̀ jọ. Ìkejì tẹ̀lé e. Oyètádé bọ́ sí àárín wọn, ó na apá rẹ̀ méjèèjì kó lè fi òjìji ara rẹ̀ dá oòrùn dúró. Àánú ara rẹ̀ ṣe é. Ó rí Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé òun kò ní lè gbé ojú sókè wo obìnrin náà títí òjò á fi padà.

Bó ṣe na apá báyìí ni labalábá ńlá kan yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó dúdú, ó ní ilà aró lápá. Ó fò kọjá lórí òdòdó pupa, kò wò ó. Ó fò kọjá lórí funfun. Ó bà lé Oyètádé nímú, ó na ẹnu rẹ̀ gígùn tín-ín-rín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgàdàgídí.

Òmíràn dé, ó bà lé e létí. Mẹ́ta dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bà lé orí. Kí ẹ tó sọ pé kí ni, Oyètádé ti wọ aṣọ labalábá láti orí dé orúnkún, gbogbo wọn ń ṣí apá, wọ́n ń pa á dé, wọ́n ń mu.

“Ẹ má mí o,” Àwẹ̀ró sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Oyètádé kò mí. Ọ̀tún ń ka ẹ̀wà, ó ka ogún, ó ka ogójì, ó dé ọgọ́ta, ló bá dúró.

“Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan rèé. Ojúde la máa ń kà. Ṣé ara èèyàn náà jẹ́ ojúde?”

“Ojúde mi ni mo dúró sí,” Oyètádé fi eyín sọ ọ́, nítorí ọ̀kan ti bà lé e lẹ́nu.

“Òótọ́ lo sọ,” ni Baálẹ̀ wí. “Ṣùgbọ́n kí ló wà lára rẹ tí wọ́n ń mu?”

Baálẹ̀ tẹ̀lé ipa ohun tó ti ro sílẹ̀, Ọ̀tún tẹ̀lé Baálẹ̀, Oyètádé rọra tẹ̀lé wọn pẹ̀lú labalábá lára, Àwẹ̀ró kẹ́yìn, wọ́n yí ilé po títí wọ́n fi dé ibi tí ààtàn wà. Wọn kò rí ààtàn. Labalábá ni wọ́n rí, wọ́n bo ibẹ̀ pitimu, ọ̀kan lé òmíràn lórí, àwọn mìíràn ti mu yó, wọ́n dẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀tún wo igbá ẹ̀wà rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì da ẹ̀wà náà fún àwọn adìẹ.

Ìyá Dúródọlá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń rẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò tilẹ̀ rántí pé ọjọ́ náà pé.

“Oyètádé,” ni Baálẹ̀ wí, tí ẹ̀rín ti fẹ́ pa á, “àwọn àlejò rẹ dé. Bóyá òdòdó rẹ náà ló pè wọ́n, n kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ààtàn ìyá yìí ló fún wọn ní oúnjẹ. Ẹni tó bá fún àlejò ní oúnjẹ ló ni àlejò. Ìyá Dúródọlá, ẹ̀yin lẹ ni àkùrọ̀ lọ́dún yìí.”

Oyètádé fi ìdí kalẹ̀, gbogbo labalábá ara rẹ̀ sì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ìtìjú ló mú un jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rò, àti àna rẹ̀ tó pàtẹ́wọ́ fún un, àti ilá tí kò jẹ́ kí wọ́n sá.

Ìyá Dúródọlá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Kí ni kí n fi àkùrọ̀ ṣe, Baálẹ̀? Pẹ̀lú orúnkún wo? Àwẹ̀ró, wá níbí. Láti ọdún tó o ti dé ilé yìí lo ti ń bá mi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, o ò sọ pé ó rùn rí. Gba àkùrọ̀, kó o máa fún mi ní ilá díẹ̀ jẹ.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìwọ ńkọ́, Oyètádé?” ni ìyá arúgbó náà wí. “Kí la jọ sọ lánàá?”

Oyètádé dìde láìjanpata. Igbá ti fọ́, apẹ̀rẹ̀ sì ti wá ṣófo báyìí, ó mú ọ̀kan, ó kọrí sí igbó. Ó kó ààtàn Ìyá Dúródọlá padà títí dé èyí tó kẹ́yìn, àwọn labalábá sì ń tẹ̀lé e lọ, wọ́n ń tẹ̀lé e bọ̀. Orin ló ń kọ lẹ́nu.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ilá tútù ni wọ́n jẹ, wọ́n jẹ tẹ̀tẹ̀, wọ́n jẹ gbọ̀rọ̀, Ìyá Dúródọlá náà sì sanra sí i. Àwẹ̀ró kò wo ọkọ rẹ̀ ní ìwò yẹn mọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, ẹ ò bá wo Ìdí-Òrúrù. Gbogbo ilé ló ti da ìdọ̀tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ojúde, ewúrẹ́ mu yó káàkiri, Baálẹ̀ sì fi ìbòrí ìyàwó rẹ̀ bo imú kó tó lè jáde.

Oyètádé nìkan ni ojúde rẹ̀ mọ́. Ó ti lọ gbin tannápòsó rẹ̀ yí ààtàn ìyá arúgbó ká. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá tan, òun àti Àwẹ̀ró pẹ̀lú Ìyá Dúródọlá á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa mu àgàdàgídí. Àjèjì kan kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó ní kí ló dé tí èèyàn fi irú òdòdó tó lẹ́wà báyìí ṣe ọgbà fún ààtàn.

Oyètádé ti ki òkèlè bọnu, ilá tútù ń fà ní igun ẹnu rẹ̀. Ó jẹun tán kó tó dá a lóhùn.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ló wí, “ní ìlú tiwa níbí, òdòdó ló ń pe labalábá, ààtàn ló ń gbà á lálejò.”